Róòsì Ẹ̀yìn Táǹkì Omi

Ọgbà òdòdó Màmá Lydia wà ní Jahi, níbi tí ọ̀nà ti rọra ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí odò, lẹ́yìn àwọn ilé tuntun tí wọ́n mọ ògiri yí ká. Ẹni tó bá ń kọjá lọ yóò rí àwọn ọ̀gbìn inú ọ̀rá dúdú tí wọ́n tò sétí títì, ọ̀pẹ kéékèèké àti koríko tí àwọn onílé ń rà. Ṣùgbọ́n ohun tí Màmá Lydia tìtorí rẹ̀ dá ọgbà náà sílẹ̀ wà nínú lọ́hùn-ún, lábẹ́ àwọ̀n aláwọ̀ ewé tí wọ́n ta bí àtíbàbà. Róòsì ni. Ẹni tó sì ti ń tọ́jú àwọn róòsì náà láti nǹkan bí ọdún mọ́kànlá ni Wàsílátù.

Kábbà ni wọ́n bí Wàsílátù sí. Ó tẹ̀lé ọkọ rẹ̀, Bámiṣayọ̀, wá sí Abuja nígbà tí ọkùnrin náà rí iṣẹ́ awakọ̀ ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí òun náà rí ni kí ó máa gbálẹ̀ ní ilé ńlá kan ní Maitama. Ibẹ̀ ni bàbá àgbàlagbà kan tó ń tọ́jú òdòdó wọn ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gé ẹ̀ka róòsì: kí ó gé e dágẹẹrẹ lábẹ́ ibi tí ewé ti yọ, kí ó kì í bọ inú iyanrìn tútù, kí ó fi àbọ̀ ike omi dé e, kí ó má sì fọwọ́ kàn án mọ́ títí ewé tuntun yóò fi yọ. Bàbá náà gé mẹ́wàá, mẹ́fà hù. Wàsílátù gé mẹ́wàá, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá hù. Màmá Lydia wá kí àwọn onílé náà lọ́jọ́ kan, ó rí àwọn ike tó tò sẹ́yìn ilé ìdáná, ó sì béèrè ẹni tó ni wọ́n. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn náà tí Wàsílátù fi di ará ọgbà Jahi.

Ọmọ Èkìtì ni Màmá Lydia, ọ̀gá ńlá sì ni lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba kó tó fẹ̀yìntì. Ohun kan ló ń dùn ún ju ohun gbogbo lọ: gbogbo róòsì tí wọ́n ń kó wá láti Jos àti láti òkè òkun ni Abuja ń pa. Bí òjò oṣù keje bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, àmì dúdú róbótó-róbótó á yọ sára ewé wọn, ewé á pọ́n, á jábọ́, á wá ku igi lásán. Èyí tó bá sì yè é, ọyẹ́ á gbẹ ìrudi rẹ̀ kó tó là.

“Róòsì tí wọ́n bá bí síbí ló máa lè gbé ibí,” ni Màmá máa ń wí. “Wàsílátù, a máa bí i.”

Bí wọ́n ṣe ń bí i nìyí. Lóṣù kọkànlá, nígbà tí òjò bá ti dá, Wàsílátù á yan ìrudi kan tó ti fẹ́ là lára igi tí yóò ṣe ìyá. Á fi ìka ṣí i, á já àwọn ewé aláwọ̀ pupa inú rẹ̀ dànù, á sì yọ gbogbo fọ́nrán tó gbé ìyẹ̀fun ofeefee dání, kí ìrudi náà má baà gba ti ara rẹ̀. Á fi àpò bébà kékeré bò ó. Lọ́jọ́ kejì, á gba ìyẹ̀fun lára igi tí yóò ṣe bàbá, á fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré, irú èyí tí àwọn obìnrin fi ń kun ojú, rà á sórí ìyá náà, á sì tún bò ó. Bó bá gbà, èso kan á wú níbẹ̀, á pọ́n bí ata rodo lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́rin. Wọ́n á kó hóró inú rẹ̀ sínú bébà tútù, wọ́n á gbé e sínú fíríìjì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, torí pé hóró róòsì kì í jí bí òtútù ò bá kọ́kọ́ mú un. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á tó gbìn ín. Nínú igba tó bá hù, agbára káká ni wọ́n fi ń rí méjì tó yẹ kí wọ́n dá sí. Ìyókù, wọ́n á kó o dànù.

Kíkó dànù yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà. Màmá Lydia kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Bó bá rí i pé ẹnì kan ń ṣàánú ọ̀gbìn tí ewé rẹ̀ ti lábàwọ́n, á ní, “Ṣé àìsàn lo fẹ́ máa tà fún àwọn oníbàárà mi ni?”

Ọmọ kan ṣoṣo ni Wàsílátù àti Bámiṣayọ̀ bí, Khàdíjàt ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún kan tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kọ́kọ́ wú, tó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní SS ni, àrùn tí àwa ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde, èyí tó máa ń jẹ́ kí egungun ro ọmọ bí ìgbà tí wọ́n ń lù ú nínú. Ó ṣàlàyé fún àwọn òbí rẹ̀ pé ẹni tó jẹ́ AS kì í ṣàìsàn kankan, ṣùgbọ́n tí AS bá fẹ́ AS, wọ́n lè bí SS. Ó wá bi wọ́n bóyá wọ́n ṣe àyẹ̀wò kí wọ́n tó fẹ́ra. Wàsílátù ní òun kò tilẹ̀ mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà. Bámiṣayọ̀ kò sọ nǹkan kan.

Khàdíjàt dàgbà ní tẹ́ẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ọpọlọ rẹ̀ sì jí pépé. Ní ọjọ́ tí ara rẹ̀ bá le, á gba ọgbà wá láti ilé ìwé, á jókòó sórí àga ike lábẹ́ igi máńgòrò, á máa bá ìyá rẹ̀ kọ ìwé. Òun ló ń kọ nọ́ńbà sára ike pélébé tí wọ́n ń rì mọ́ ìdí ọ̀gbìn kọ̀ọ̀kan, òun ló sì ń kọ máàkì tí ewé gbà, tí àwọ̀ gbà, tí òórùn gbà. Ọmọ tí wọ́n tọ́ ní Abuja ni, Yorùbá rẹ̀ kò já gaara, ṣùgbọ́n kò sí adájọ́ tó le tó o.

“Mọ́mì, èyí gba méjì nínú mẹ́wàá.”

“Méjì péré kẹ̀? Wo bó ṣe pupa dáadáa.”

“Ewé ẹ̀ ti ń já. Gráńmà ní ká máa kọ́kọ́ wo ewé.”

Gráńmà yẹn ni Màmá Lydia, tó máa ń rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀ bó bá gbọ́ ọ.

Ní ìparí oṣù kẹrin ọdún 2021, ara ro Khàdíjàt lọ́nà tí kò tíì rí rí. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò ní ọsibítù. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, wọ́n rán ìyá rẹ̀ lọ wá oògùn kan tí kò sí níbẹ̀, ó dé ṣọ́ọ̀bù oògùn mẹ́ta ní Wuse kó tó rí i. Nígbà tó fi máa padà, Bámiṣayọ̀ ló rí tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó di fìlà rẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Khàdíjàt. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti sin ín ní ìlànà Mùsùlùmí. Màmá Lydia, tó jẹ́ Kristẹni, fi ìborùn bo orí, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn obìnrin yòókù nínú yàrá wọn.

Nígbà tí ogójì ọjọ́ pé, Wàsílátù padà sẹ́nu iṣẹ́. Màmá Lydia mú un lọ síbi fíríìjì. Gbogbo hóró ọdún náà wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe kó wọn sí, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n.

“Mo ń dúró dè ẹ́, Ìyá Khàdíjàt,” ni Màmá wí. “Ṣé kí n ṣì máa pè ẹ́ bẹ́ẹ̀?”

“Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ má pè mí ní nǹkan mìíràn.”

Wọ́n gbin hóró náà lóṣù kẹfà. Igba ó lé méjìlá ló hù. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí nínú ọgbà náà. Wàsílátù fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nọ́ńbà sára ike, ó gbà á ní odindi ọjọ́ mẹ́rin, nítorí kálámù kì í yá a lọ́wọ́. Ó kó ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá tirẹ̀, ó ń bomi rin wọ́n láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, àwọn èèyàn sì ń sọ pé ara rẹ̀ ti ń balẹ̀.

Lóṣù kẹsàn-án, òjò ti fi ọ̀gbìn kọ̀ọ̀kan hàn. Màmá Lydia mú ọ̀pá rẹ̀, ó ń rìn láàárín wọn, ó ń nawọ́ sí wọn: èyí, èyí, gbogbo ẹsẹ̀ ìlà yìí. Ogójì kọ́, ọgọ́rin kọ́, ogóje ni ewé wọn ti dúdú. Èyí tó jẹ́ ìyàlẹ́nu ni pé igi pupa tó ṣe ìyá wọn kò ṣàìsàn rí, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó ṣe bàbá wọn.

“Kó gbogbo wọn dànù kó tó di ọ̀la,” ni Màmá wí.

“Ó dáa, mà.”

Wàsílátù gbé èyí àkọ́kọ́ dé etí ààtàn. Ọ̀gbìn tí kò ga ju ìbú ọwọ́ méjì lọ ni, ewé mẹ́ta ló kù lára rẹ̀, ìrudi kan tó kéré bí hóró ẹ̀wà sì wà lókè rẹ̀. Ó dúró níbẹ̀. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó yí padà, ó gbé e gba ẹ̀yìn táǹkì omi, níbi tí àyè tóóró kan wà láàárín táǹkì àti ògiri, ó sì gbé e kalẹ̀ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó padà wá gbé òmíràn. Kó tó di pé ó lọ sílé lọ́jọ́ náà, ogóje ọ̀rá ti wà lẹ́yìn táǹkì, ó sì ti fi àpò ìrẹsì bo ojú ibẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ó ń dé ibi iṣẹ́ ṣáájú gbogbo ènìyàn. Ó ń já ewé tó lábàwọ́n lára wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi omi ọṣẹ nu ewé tó kù bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Ó mọ̀ pé kò bójú mu. Ó mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ pé bí òjò bá ta sára ewé tó ń ṣàìsàn, ó máa ń ta àìsàn náà sára èyí tó wà nítòsí. Síbẹ̀ kò lè ṣíwọ́.

Ogójì ìkòkò róòsì aláwọ̀ osùn wà nítòsí táǹkì náà, èyí tó dára jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti bí látẹ̀yìnwá. Ó lé ní ọdún kan tí wọ́n ti ń fi ẹ̀ka sọ ọ́ di púpọ̀, nítorí ọsibítù aládàáni kan ní Maitama tó fẹ́ kó o síwájú ọgbà wọn. Nínú oṣù kẹwàá, òjò àrọ̀kẹ́yìn kan rọ̀ tòun tìjì fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, àmì dúdú ti bo gbogbo ogójì wọn, ewé wọn sì ń já sílẹ̀ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. Màmá Lydia fúnra rẹ̀ ló lọ bá àwọn ará ọsibítù náà, pé òun kò lè mú ọ̀rọ̀ òun ṣẹ.

Ìgbà tó dé láti ibẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí àìsàn náà ti wá. Ó tẹ̀lé ìlà ìkòkò, ó dé ìdí táǹkì, ó fi ọ̀pá gbé àpò ìrẹsì náà sókè.

Wàsílátù wà lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé korobá lọ́wọ́.

“Ìyá Khàdíjàt.”

“Mà.”

“Mélòó ni?”

“Mẹ́rìndínlógóje, mà. Mẹ́rin ti kú fúnra wọn.”

“Kí ló dé?”

Wàsílátù gbé korobá sílẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò ròkè.

“Ẹ ní kí n kó àwọn tó ń ṣàìsàn dànù, mà. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi tọ́jú ẹni tó ń ṣàìsàn. Kò sọ́jọ́ tí mo sọ pé ó ti sú mi. Bí mo bá gbé ọ̀kan nínú wọn dé ààtàn báyìí, ọwọ́ mi kì í gbà. Èmi ni mo yan ìyá fún wọn, èmi ni mo yan bàbá. Kò sí ohun tó ṣe àwọn méjèèjì. Ó fara pamọ́ sínú ìyá, ó fara pamọ́ sínú bàbá, ìgbà tí wọ́n pàdé ló jáde sára ọmọ. Kí wá ni ọmọ ṣe?”

Màmá Lydia wá búlọ́ọ̀kù kan, ó jókòó lé e. Ó ti lé ní ọmọ ọdún márùndínláàádọ́rin, orúnkún kì í jẹ́ kó dúró pẹ́.

“Nígbà tí ara Khàdíjàt kò yá,” ó wí nígbẹ̀yìn, “o gbé e lọ sílé ìwòsàn. O fẹ̀jẹ̀ fún un, o fún un ní oògùn, o rán an lọ sílé ìwé. O ò fi í pamọ́ sẹ́yìn táǹkì. Ọmọ ni. Ìwọ̀nyí, igi róòsì ni wọ́n, Ìyá Khàdíjàt. Igi tí àwa fọwọ́ ara wa dá ni, tí a bá sì fà á tu, a ò pa ẹnì kankan.” Ó nu ojú rẹ̀. “Ṣùgbọ́n ó yẹ kí n bẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo rán ẹ ní iṣẹ́ yìí bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù máa bá mi kó wọn lọ́la. Ìwọ jókòó sílé.”

“Rárá, mà. Ẹ jẹ́ kí n ṣe é fúnra mi. Ẹ ṣáà fún mi di Sátidé.”

Lọ́jọ́ Sátidé, Bámiṣayọ̀ bá a wá. Kò sẹ́ni tó pè é. Ó kàn rí i tí ìyàwó rẹ̀ ń wá ọkọ́ nínú ilé láàárọ̀, ó bi í léèrè, ó gbọ́, ó sì wọ bàtà rẹ̀. Wọ́n gbẹ́ kòtò kan nítòsí odò. Wàsílátù ń fa ọ̀gbìn yọ kúrò nínú ọ̀rá, Bámiṣayọ̀ ń kó wọn lọ sínú kòtò. Wọ́n ṣe é báyìí fún bíi wákàtí kan. Ọkùnrin náà ṣàdédé dúró pẹ̀lú ọ̀gbìn mélòó kan lọ́wọ́.

“Ìyá Khàdíjàt, mo mọ̀.”

“Kí lẹ mọ̀?”

“Mo mọ̀ pé AS ni mí. Kí n tó fẹ́ ẹ ni mo ti mọ̀. Nígbà tí mo wá iṣẹ́ awakọ̀ ní Lọ́kọ́ja, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ gbogbo wa wò. Nọ́ọ̀sì kan ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n rí i dájú pé ẹni tí mo bá fẹ́ fẹ́ lọ ṣe tirẹ̀. Mo ká bébà náà sínú àpò. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá sọ ọ́, àwọn ará ilé yín ò ní fi ẹ́ fún mi. Mo ní Ọlọ́run á bá wa ṣe é.”

Wàsílátù wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tó sọ dáadáa.

“Ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí dókítà bi wá.”

“Mo wà níbẹ̀.”

“Ẹ jẹ́ kí èmi nìkan dáhùn.”

“Mo jẹ́ kí ìwọ nìkan dáhùn.”

Wàsílátù fi ọ̀gbìn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó rìn lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó ṣí i, ó sì ń fọ ọwọ́. Ó fọ̀ ọ́ títí iyẹ̀pẹ̀ tán lára rẹ̀, ó tún ń fọ̀ ọ́. Omi ṣàn gba ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sínú ọgbà. Lẹ́yìn náà ló jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ó kẹ̀yìn sí ọkọ rẹ̀. Bámiṣayọ̀ kò lọ bá a. Ó ń ṣe iṣẹ́ náà lọ ní òun nìkan, ó ń fà á yọ, ó ń kó o lọ. Nígbà tó kù bí ogún, Wàsílátù dìde, ó padà wá ṣe ìyókù, nítorí ó ti ní òun fúnra òun ni yóò ṣe é. Wọ́n kó ewé gbígbẹ lé wọn lórí, wọ́n fi iná sí i, wọ́n dúró títí ó fi jó tán. Inú kẹ̀kẹ́ Márúwá kan náà ni wọ́n wọ̀ lọ sílé, ẹnì kan jókòó sọ́tùn-ún, ẹnì kan sósì, àpò ọkọ́ sì wà láàárín wọn.

Wàsílátù kò lọ kúrò nílé. Ó kó lọ sí yàrá Khàdíjàt. Ó ń dáná, ó ń gbé oúnjẹ ọkùnrin náà sórí tábìlì, ṣùgbọ́n kì í pè é wá jẹ ẹ́. Ó sọ ọ̀rọ̀ náà fún Màmá Lydia. Màmá kò sọ fún un pé kó dárí jì í, kò sì sọ pé kó kọ̀ ọ́.

Màmá kàn wí pé: “Yàrá kan ṣófo nílé mi. Ṣé o fẹ́ wá síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀?”

“Ẹ ṣeun, mà. Aṣọ Khàdíjàt wà lọ́hùn-ún, n ò lè fi í sílẹ̀.”

Ní gbogbo Sátidé, Bámiṣayọ̀ ń wá sí ọgbà. Ó ń pọn omi, ó ń da ìgbẹ́ adìyẹ mọ́ iyẹ̀pẹ̀, ó sì ń padà sílé láìbéèrè nǹkan kan. Wàsílátù kò lé e, kò sì kí i. Ọyẹ́ dé, ó gbóná janjan ní ọ̀sán, ó tutù nini láàárọ̀, eruku bo gbogbo Jahi. Nínú méjìléláàádọ́rin ọ̀gbìn tó ṣẹ́ kù, ọyẹ́ dá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré sí.

Ní Sátidé kan lóṣù kejì, àwọn méjèèjì ń gé orí róòsì tó ti gbẹ, ọ̀kan wà níhìn-ín, ọ̀kan wà lọ́hùn-ún ìlà kan náà. Wàsílátù sọ̀rọ̀ láìgbójú sókè.

“Lọ́jọ́ tí mo lọ wá oògùn yẹn. Kí ló sọ fún yín?”

Bámiṣayọ̀ mọ ọjọ́ tó ń sọ. Oṣù mẹ́wàá ló ti ń retí ìbéèrè náà.

“Ó bi mí ibi tí o lọ. Mo ní o lọ ra oògùn, o ń bọ̀. Ó ní kí n rán ẹ létí hóró tó wà nínú fíríìjì, pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ti fẹ́ pé. Lẹ́yìn náà ó ní kí n ṣí fèrèsé. Mo dìde lọ ṣí i. Ìgbà tí mo yíjú padà, ó ti lọ.”

“Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?”

“Mo rò pé bí mo bá la ẹnu mi rárá, gbogbo ohun tí mo fi pamọ́ ló máa tẹ̀lé e jáde.”

Wàsílátù sunkún níbẹ̀, lójú ọ̀sán gangan, àlùmọ́gàjí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Látìgbà tí wọ́n ti sin ọmọ náà, kò tíì sunkún lójú ẹlòmíràn. Ọkọ rẹ̀ dúró síbi tó wà, òun náà ń sunkún. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tó gbé oúnjẹ sórí tábìlì, ó pè é: “Ẹ wá jẹun.” Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tó oṣù mélòó kan sí i kó tó jáde kúrò ní yàrá Khàdíjàt, títí dòní olónìí sì ni ọ̀rọ̀ náà máa ń gbé e lọ́kàn nígbà mìíràn, tí á sì dákẹ́ fún odindi ọjọ́ méjì. Bámiṣayọ̀ ti mọ̀ ọ́n báyìí, kì í yọ ọ́ lẹ́nu.

Òjò ọdún kejì fi ọ̀gbìn mẹ́ta sílẹ̀ nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà. Òjò ọdún kẹta fi ọ̀kan sílẹ̀. Nọ́ńbà mọ́kànlélọ́gọ́ta ni. Kò jọni lójú. Òdòdó rẹ̀ kò tóbi, àwọ̀ rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ bí inú àtẹ́lẹwọ́, ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ òórùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé imú sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n lóṣù kẹsàn-án, nígbà tí gbogbo róòsì Abuja bá ti wà níhòòhò, ewé tirẹ̀ ṣì máa ń dán bí ẹni fi òróró pa á. Wàsílátù gé ẹ̀ka ọgọ́ta lára rẹ̀, mọ́kàndínlọ́gọ́ta hù. Màmá Lydia rin ìlà wọn já lẹ́ẹ̀mejì, ó wo ẹ̀yìn ewé, ó wo ìdí igi, kò rí àléébù kankan.

“Ó tó kí á sọ ọ́ lórúkọ,” ni Màmá wí. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. “Mo fẹ́ kí á pè é ní Khàdíjàt.”

Wàsílátù mi orí.

“Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má bínú. Bí àìsàn tuntun kan bá dé lọ́dún tó ń bọ̀, tó mú un, a máa fà á tu, torí bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ wa ṣe rí. N ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé kí n lọ fa Khàdíjàt tu.”

Màmá Lydia ronú sí i, ó sì dì í lọ́wọ́ mú. Wọ́n pe róòsì náà ní Jahi. Ó ti wà nínú ọgbà ilé bíi mélòó kan ní àdúgbò náà báyìí.

Bámiṣayọ̀ ti fẹ̀yìntì nídìí ọkọ̀ wíwà, ọgbà ni ó ń bá wọn ṣiṣẹ́. Lóṣù kìíní ọdún yìí, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Kenny àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀, Mofẹ́olúwa, wá yan òdòdó tí wọ́n máa lò lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn. Ọ́fíìsì ìjọba ni wọ́n ti fẹ́ so yìgì, lóṣù kẹta. Inú wọn dùn, wọ́n ń fi ara wọn ṣe ẹ̀fẹ̀. Wàsílátù mú wọn káàkiri, ó fi èyí tó máa là lóṣù náà hàn wọ́n, ó sì bi wọ́n bí ẹni tó ń béèrè ohun kékeré:

“Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ẹ ti yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò?”

Kenny rẹ́rìn-ín. “Ah, Mọ́mì. Kò sí wàhálà. A ti fi àdúrà tì í.”

Bámiṣayọ̀ ń bomi rin ọ̀gbìn nítòsí. Ó gbé ike omi sílẹ̀. Kò bá àlejò sọ ọ̀rọ̀ yìí rí, kò tilẹ̀ bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ ọ́.

“Èmi náà fi àdúrà tì í,” ó wí. “Mo ní bébà lápò, mo fi àdúrà tì í. A bí ọmọ kan. A ti sin ín.”

Ẹ̀rín kúrò lójú Kenny. Mofẹ́olúwa wo bàbá náà, ó wo Wàsílátù, ó sì wo ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní àwọn máa padà wá yan òdòdó.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Mofẹ́olúwa nìkan ló dé. Ó kúnlẹ̀ kí Wàsílátù, kò sì tètè dìde.

“Mà, àwa méjèèjì ni,” ó wí. “AS ni Kenny, AS ni èmi náà. Ìyá mi ní kí n fi í sílẹ̀. Kenny ní oríṣiríṣi ọ̀nà ló ti wà nílé ìwòsàn báyìí, pé ká má fira wa sílẹ̀. N ò mọ ohun tí mo máa ṣe. Kí lẹ rò, mà?”

Wàsílátù fà á dìde, ó mú un jókòó sórí àga lábẹ́ máńgòrò. Bámiṣayọ̀ bu omi tútù wá, ó gbé e kalẹ̀ níwájú ọmọbìnrin náà, ó sì fẹ́ lọ. Wàsílátù ní kó jókòó.

“N ò lè bá ẹ yàn án,” ni ó sọ fún Mofẹ́olúwa. “Ìwọ àti Kenny ni ẹ máa yàn án, dókítà sì máa là yín lọ́yẹ̀ ju bí èmi ṣe lè ṣe lọ. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n sọ bó ṣe rí fún ẹ, kí o má baà yan ohun tí o ò mọ̀.”

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ọwọ́ ọmọ náà kọ́kọ́ wú. Ó sọ ti òru tí wọn kò sùn, ti abẹ́rẹ́, ti ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń tọrọ lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Ó sọ bí Khàdíjàt ṣe ń dá àwọn olùkọ́ lóhùn, àti orin tó máa ń kọ nígbà tó bá ń wẹ̀. Bámiṣayọ̀ fi kún un níbi tó bá ti gbàgbé. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ọmọ náà ti fún róòsì tí Màmá Lydia fẹ́ràn jù ní oókan nínú mẹ́wàá, ẹ̀rín pa àwọn méjèèjì, Mofẹ́olúwa náà sì rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé lójú. Wọ́n ṣì jókòó síbẹ̀ nígbà tí àwọn tó ń ra òdòdó bẹ̀rẹ̀ sí í pè láti ẹnu ọ̀nà. Wàsílátù ní kí wọ́n fún òun ní ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.